Ajá Tó Ń Dúró

Kò sí ajá tí kò lè lé ẹran. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni ajá tí òórùn ẹyẹ á gbá nímú, tí gbogbo ara rẹ̀ á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fò mọ́ ọn, tí yóò sì dúró gbagidi. Kò gbó, kò mira. Ìrù á le, ẹsẹ̀ iwájú kan á há sókè, ẹnu á pa dé, imú nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́. Ẹyẹ ń bẹ níwájú nínú koríko, ó lè má ju ìgbésẹ̀ mélòó kan lọ. Ajá mọ̀. Ẹyẹ náà mọ̀. Ọdẹ nìkan ni kò tíì mọ ojú ibi tó wà.

Ìdúró yìí kì í ṣe idán. Ẹranko tó ń pa ẹran jẹ máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ́ mọ́ ohun tó ń ṣọ́. Àwọn tó ń sin ajá ọdẹ ní Yúróòpù ló gba ìdákẹ́ kékeré yẹn mú. Ajá tó bá dákẹ́ pẹ́ ni wọ́n ń mú gun ara wọn, ìran dé ìran, títí ìdákẹ́ náà fi gùn tó kí èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Kí ìbọn tó di ohun tí wọ́n lè yìn sí ẹyẹ lójú òfurufú, àwọ̀n ni wọ́n ń fà bo ẹyẹ tí ajá bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìbọn ló gba ipò àwọ̀n, iṣẹ́ ajá kò yí padà: kó wá a rí, kó má fẹnu kàn án, kó dúró de ẹlòmíràn. Àárín ìgbà tí ajá dúró sí ìgbà tí ẹyẹ fò ni èmi ń bá lọ sí pápá. Ìbọn o, ìwé àṣẹ o, bàtà olówó gọbọi o, ìgbà kékeré yẹn ni gbogbo wọn ń sìn.

Abo ni ajá tèmi, German Shorthaired Pointer, aláwọ̀ kọfí tí funfun wọ́n sí lára. Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ tó ń fún mi láyè lórí ilẹ̀ wọn ò lè pè é já, Tani ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dá wọn lóhùn ju bó ṣe ń dá èmi lóhùn lọ, torí àwọn ni ẹran gbígbẹ kì í tán lápò wọn.

Ẹyẹ tí à ń wá ni fẹ́sáǹtì. Ẹbí àparò àti adìyẹ ni. Akọ rẹ̀ lẹ́wà dé ibi àṣejù: orí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé dúdú tó ń kọ mànà, ojú rẹ̀ pupa, òrùka funfun wà lọ́rùn rẹ̀, àyà rẹ̀ jọ bàbà, ìrù rẹ̀ sì gùn tó ìdajì gbogbo ara rẹ̀. Abo kò ní ìkankan nínú ìyẹn. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ni tirẹ̀, nítorí òun ló ń sàba.

Fẹ́sáǹtì kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Owen Denny, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Shanghai, ló fi wọ́n ránṣẹ́ láti Ṣáínà sí ìpínlẹ̀ Oregon. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ní 1881 ni kò yè é. Àwọn ti 1882 ló rí ilẹ̀ tẹ̀ ní àfonífojì Willamette, nígbà tó sì fi di 1892 wọ́n ti pọ̀ tó kí ìjọba Oregon gbà kí àwọn èèyàn máa dọdẹ wọn. Láti Oregon ni àwọn àgbẹ̀ Redfield, ní Spink County, South Dakota, ti kó díẹ̀ wá sílé ní 1908. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1919, ìpínlẹ̀ náà ṣí ìdọdẹ fẹ́sáǹtì fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ní kántì yẹn nìkan. Ní 1943, wọ́n fi àlejò yìí ṣe ẹyẹ ìpínlẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nínú ọkà bàbà South Dakota, mo máa ń fi ẹyẹ náà dá a lóhùn. Òun náà kúkú wọlé wá ni.

Ìwà kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń fìyà jẹ ajá tó ń dúró: eré sísá. Àwọn ẹyẹ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fura sí ajá, wọ́n á lúgọ, wọ́n á fi àyà mọ́lẹ̀, wọ́n á máa retí pé kí ewu kọjá. Akọ fẹ́sáǹtì tó ti gbọ́n kì í retí ẹnikẹ́ni. Á na ọrùn mọ́lẹ̀, á gba àárín poro àgbàdo, á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìpẹ̀kun oko kí ajá tó mọ̀ pé ojú ẹsẹ̀ lásán lòun ń gbóòórùn. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń sọ pé ajá tó ń dúró kò bá fẹ́sáǹtì mu, pé ajá tó ń tú ẹyẹ jáde, irú springer tàbí Labrador, ló tọ́ sí i. Wọn ò parọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyẹ púpọ̀ lọ́jọ́ kan, kó mú Labrador.

Ṣùgbọ́n ajá tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí èèyàn kò lè kọ́ ọ. Tanímọ̀la á dúró, á gbọ́ ọ nínú imú rẹ̀ pé òórùn náà ti ń fò lọ, á wá yọ́ rìn díẹ̀, á tún dúró. Á tún yọ́ rìn, ikùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Nígbà míì yóò fi ọ̀nà tó ń tọ̀ sílẹ̀ pátápátá, á yí po gba apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, á sì pàdé ẹyẹ náà níwájú. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ìgbà míì sì wà tí a ó yọ́ rìn láti orí pápá dé ìdí rẹ̀, tí a ó fi dé ibi tí koríko ti tẹ̀, tí ìgbẹ́ ẹyẹ ibẹ̀ kò tíì gbẹ, tí ẹyẹ kò sì sí. Ajá á wo ojú mi. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan fún un.

A kì í kọ́ ajá ní ìdúró gan-an. Ìyẹn bá a wáyé. Ohun tí a ń kọ́ ọ ni pé kó pẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ajá ni a ti ń sọ fún un pé dúró: níwájú àwo oúnjẹ, lẹ́nu ọ̀nà, lórí pákó gbọọrọ tí a gbé sílẹ̀ nínú ọgbà. Ẹyẹlé ló kàn lẹ́yìn ìyẹn, ẹyẹlé tó máa fò tí ajá kò gbọdọ̀ lé. Ìbọn ló ń kẹ́yìn, láti òkèèrè, tí yóò máa sún mọ́ tòsí díẹ̀díẹ̀. Àríyànjiyàn wà láàárín àwọn tó ń kọ́ ajá lórí ibi tí ó yẹ kí ìdúró náà dé. Àwọn kan fẹ́ kó dúró títí ẹyẹ yóò fi já bọ́ tí a ó sì rán an níṣẹ́. Àwọn kan jẹ́ kó gbéra bí ẹyẹ bá ti fò. Èmi ò gbà fún ti ìkẹyìn yẹn, nítorí ajá tó bá ń fò sókè tẹ̀lé ẹyẹ tí kò tíì ga lè ko ọta. Ní tèmi, bí ìbọn bá ti dún, kó máa lọ, kó bá ẹyẹ kó tó sá pamọ́. Ẹlẹ́wà kọ́ nìyẹn lójú àwọn tó ń mú ajá lọ síbi ìdíje, ṣùgbọ́n n kì í mú tèmi lọ.

Fèrè wà lọ́rùn mi, n kì í sì í fọn ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí tí kò ní sọnù, ó ti mọ ibi tí mo wà. Ariwo ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ. Ẹni tó bá gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ gbàgà létí pápá ti ránṣẹ́ sí gbogbo akọ tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n múra. Ìdí mìíràn nìyẹn tí n kò fi fẹ́ràn ọjọ́ ìṣíde ìdọdẹ ní South Dakota. Sátidé kẹta oṣù Kẹwàá ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ sì ni òfin gbà kí ìbọn kọ́kọ́ dún. Ọkọ̀ á tò lọ bí ẹni ń lọ síbi òkú àgbà, àgbàdo kan á ṣì wà ní ìdúró tí wọn ò tíì kórè, oòrùn á mú, ilẹ̀ á gbẹ táútáú. Nínú ooru àti eruku bẹ́ẹ̀, òórùn kì í dúró lára koríko, ajá á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ajá tó bá ń la ẹnu mí kò lè fi imú ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Èmi fẹ́ ìparí oṣù Kọkànlá, nígbà tí ilẹ̀ tutù, tí ìrì ti mú koríko rọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wẹ́rẹ́ láti apá kan. Àwọn èrò rẹpẹtẹ ti padà sílé wọn nígbà náà.

Koríko kan tún wà tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ní ajá bẹ̀rù ju ọta lọ. Orí rẹ̀ ní irun ṣóńṣó tí ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà lára wọn, tí gbogbo ẹ̀gún náà sì dojú kọ ẹ̀yìn. Bí ó bá wọ etí ajá, tàbí ihò imú rẹ̀, tàbí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, iwájú nìkan ló lè lọ. Ó ń wọnú ẹran ara. Nítorí náà, bí a bá jáde nínú pápá kan, mo máa ń yí etí ajá sódì, mo máa ń ya ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo máa ń wo abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó kórìíra rẹ̀. Ó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá lórí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìbọn báyìí, kí ẹ fi sùúrù gbọ́ mi, torí ẹni tó ní ìbọn àtijọ́ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. L.C. Smith ni, ẹlẹ́nu méjì, ọ̀pá méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Hunter Arms ló ṣe é ní Fulton, ìpínlẹ̀ New York, láàárín 1920 sí 1930. Lyman Smith tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ ti ta iṣẹ́ ìbọn fún ìdílé Hunter tipẹ́ kí wọ́n tó ṣe tèmi, ó sì ti kọjú sí taipuráítà. Smith tó wà nínú orúkọ ilé iṣẹ́ taipuráítà Smith-Corona, ilé kan náà ló ti jáde. Ìdí ìbọn náà jẹ́ igi walnut tí ọwọ́ àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti fọ̀ dán, ìlà híhá tí wọ́n gbẹ́ sí ibi ìdìmú sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní apá ọ̀tún.

Ẹnu rẹ̀ jẹ́ 16. Bí wọ́n bá rọ òjé ní rogodo tó wọ inú ọ̀pá náà gẹ́lẹ́, mẹ́rìndínlógún irú rẹ̀ ni yóò wọn pọ́n-ùn kan; nọ́ńbà náà kò ju ìyẹn lọ. Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá jogún irú ìbọn yìí mọ̀ wà nínú, lójú ibi tí kátíríìjì ń wọ̀. Kátíríìjì 16 tí wọ́n ń tà káàkiri lónìí gùn ní ínṣì 2¾ bí ó bá ti yìn tí ẹnu rẹ̀ ṣí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìbọn mi, 2 9/16 ló wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìyàtọ̀ náà kò tó mìlímítà márùn-ún, òun gan-an ló sì burú, torí kátíríìjì tuntun á wọlé nírọ̀rùn, ìbọn á pa dé, kò ní sí ohun tó ń kìlọ̀. Ìgbà tí o bá yìn ín ni ẹnu kátíríìjì kò ní ráyè ṣí tán. Agbára inú rẹ̀ á ru, irin àti igi ni yóò gbà á sára. Alágbẹ̀dẹ tó mọ ìbọn àtijọ́ ló yẹ kó wọn ihò náà, kó wo bí ògiri ọ̀pá ṣe nípọn sí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ki ohunkóhun bọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n gbẹ́ ihò náà gùn sí i. Mo fi tèmi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é, mo ń ra kátíríìjì kúkúrú tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n, ọta wẹ́wẹ́ áùnsì kan nínú rẹ̀.

Ọta onírin kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Òjé rọ̀, ó ń gbà kí ẹnu ìbọn tó fún tẹ̀ ẹ́. Irin kì í gbà, ọ̀pá tín-ínrín ayé àtijọ́ ni yóò wú. Bẹ́ẹ̀ sì ni òjé ti di èèwọ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ igbó jákèjádò Amẹ́ríkà láti 1991, lórí àwọn ilẹ̀ àbàtà tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ sì rèé, o ò lè lo òjé fún fẹ́sáǹtì náà. Àwọn ilẹ̀ yẹn sì ni ẹyẹ ń sá lọ bí yìnyín bá dé. Ọta tí wọ́n fi bismuth ṣe ló yọ wá. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó rọ̀, kò sì ní májèlé òjé nínú. Mo fara mọ́ òfin náà. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń gbé òjé mì nísàlẹ̀ omi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó gbé ìbọn náà jáde ni ẹ̀yìn àwo irin tó bo ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Igi tín-ínrín níbẹ̀, epo tí àwọn tó ni ín ṣáájú ń dà sí ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ti wọ inú rẹ̀ lọ, ó ti rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo máa ń fi èékánná wọ́ ojú ibẹ̀ lòdì sí ìlà igi. Bí ó bá ti lè kọ́ èékánná, igi ti ń là nìyẹn, ìbọn kò ní jáde lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ ń jáde. Tirẹ̀ jẹ́ ìbọn òde òní tó ń ti ọta bọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí tèmi, ó gbà á, ó yí i po, ó ní, “Àbúrò, ṣé wọ́n fi jẹ ogún fún ọ ni, àbí o gbé e ní mùsíọ́ọ̀mù?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo rà á ni o.”

“O mú owó rẹ, o fi rà á?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó dá a padà fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun. “Kò burú. Èmi á máa bá ọ yin ẹ̀kẹta.”

Ó sì ń bá mi yin ín lóòótọ́ bí ẹyẹ bá fò láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìbọn mi sàn ju tirẹ̀ lọ. Ní yìnyín, nínú òjò, fún ẹyẹ tó ti jìnnà, tirẹ̀ ló sàn. Ibi tí tèmi ti bá ajá tó ń dúró mu ni pé ajá náà ti ṣe iṣẹ́ tí ọta kẹta ń ṣe. Ó ti mú ẹyẹ súnmọ́. Tírígà méjì ló ní: èyí tó wà níwájú ń yin ọ̀pá ọ̀tún, tí ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, tí ọta rẹ̀ ń tú ká kíákíá fún ẹyẹ tó wà nítòsí, èyí tó wà lẹ́yìn ń yin ọ̀pá òsì, tó fún, fún ẹyẹ tó ti ń lọ. Ìka mi ló ń yàn. Mi ò ní láti wá bọ́tìnnì kankan. Bí mo bá sì ṣí ìbọn náà sílẹ̀ tí mo dá a kọ́ apá láti kọjá wáyà oko, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló lè rí i láti òkèèrè pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mi ò tíì rí ìbọn òde òní tó ń fọkàn ẹlòmíràn balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ kan wà ní ìparí oṣù Kọkànlá, ní ìlà-oòrùn odò James, tí yìnyín fẹ́lẹ́ bo ilẹ̀. Tanímọ̀la dúró létí àbàtà tí èésún irà pọ̀ sí, orí rẹ̀ tẹ̀ sí òsì, ara rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún, èyí tó fi hàn pé òórùn náà bá a lójijì lójú eré. Mi ò gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ajá wọlé ń ti ẹyẹ síwájú láti sá ni. Mo yí po, mo jìnnà sí i, mo gba apá iwájú padà wá kọjú sí i, tó fi jẹ́ pé ẹyẹ wà láàárín àwa méjèèjì. Mo ń wo ojú ajá, mi ò wo koríko. Ojú rẹ̀ ló ń sọ ibi tó wà.

Abo kan ló kọ́kọ́ fò. Kò ké. Ìró ìyẹ́ nìkan ni, àwọ̀ ilẹ̀ pátápátá, ìrù kúkúrú. Ìbọn ti dé èjìká mi, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Akọ nìkan ni òfin gbà, mẹ́ta lóòjọ́ fún ẹnì kan, òfin náà sì bá ìwà ẹyẹ mu: akọ kan ń gun ọ̀pọ̀ abo, nítorí náà akọ tó bá lọ kò dín ọmọ ọdún tó ń bọ̀ kù, abo tó bá lọ ló ń dín in kù. Bí oòrùn bá wà lójú mi tí mi ò rí àwọ̀ dájú, tí mi ò sì gbọ́ ohùn, mo máa ń jẹ́ kó lọ.

Ajá kò gbéra. Ìyẹn ló sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, mo dúró. Ìdúró ọdẹ ń da fẹ́sáǹtì láàmú ju ìrìn rẹ̀ lọ. Bí o bá ń rìn, á rò pé o máa kọjá. Akọ kan bẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, ó ń ké kà-kà-kà, yìnyín ń já bọ́ lára rẹ̀, ìrù gígùn yẹn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Ìrù ló ń pa ọdẹ tuntun lẹ́kún, torí ojú máa ń fẹ́ wo gbogbo ẹyẹ náà lápapọ̀, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ìyẹ́ lásán tí ọta kò rí nǹkan mú níbẹ̀. Òrùka funfun ọrùn rẹ̀ ni mo wò. Mo rí ojú ọ̀run lábẹ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé ajá wà nísàlẹ̀ níbi tó wà, mo fa tírígà iwájú.

Ó bọ́ sínú èésún, ó sì ń sá lọ. Akọ fẹ́sáǹtì tí apá rẹ̀ dá nìkan lè dọ́gbọ́n pamọ́ síbi tí èèyàn mẹ́wàá á máa tẹ̀ ẹ́ kọjá. Bí kò bá sí ajá, mo gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yìnbọn sí ẹyẹ lórí àbàtà rárá. Mo gbọ́ ìró èésún tó ń ṣẹ́ lọ jìnnà, ó dákẹ́, ó tún ń ṣẹ́ bọ̀. Tanímọ̀la jáde, yìnyín kún irun ojú rẹ̀, ẹyẹ náà wà lẹ́nu rẹ̀, orí ẹyẹ náà ṣì ń mì. Mo gbà á, mo sì parí rẹ̀ kíá. Ògbógbó ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ṣóńṣó tó ń hù lẹ́yìn ẹsẹ̀ akọ, kúrú, kò sì tíì mú: ọmọ ọdún yẹn ni. Púpọ̀ nínú wọn kì í rí ọdún kejì, yálà ọdẹ wà o tàbí kò sí. Mo fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀ títí yóò fi délé, kí ẹ̀ṣọ́ ìjọba lè rí ògbógbó náà kó mọ̀ pé akọ ni.

Ohun tí àwọn ọdẹ kì í fẹ́ sọ púpọ̀ ni pé kì í ṣe ìbọn tàbí ajá ló ń pinnu bóyá ẹyẹ á wà. Koríko ni. Abo fẹ́sáǹtì ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ń sàba fún bí ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Bí ẹ̀rọ tó ń gé koríko ẹran ọ̀sìn bá kan ibẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í fò. Kòkòrò ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kòkòrò kì í sì í pọ̀ nínú oko àgbàdo tí wọ́n ti fín oògùn sí. Lábẹ́ òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ 1985, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìyálẹ̀ fún àgbẹ̀ tó bá gbin koríko sórí ilẹ̀ tí àgbàrá lè tètè gbá lọ, tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. CRP (Conservation Reserve Program) ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àgbàdo àti sóyà bá wọ́n lọ́jà, àgbẹ̀ kì í tún àdéhùn náà ṣe bí àsìkò rẹ̀ bá pé, ẹyẹ á sì dín kù. Ó rí bẹ́ẹ̀ ṣáá. Láti 1937 ni owó orí tó wà lórí ìbọn gígùn àti ọta, tó jẹ́ ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún lónìí, ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ fún ẹranko igbó, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó máa ń na owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí ìbọn kan ṣoṣo, tí wọn kò fi owó epo ọkọ̀ ran ẹgbẹ́ tó ń gbin koríko lọ́wọ́ rí. Ìbọn mi náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, nítorí náà n kò yọ ara mi sílẹ̀.

Bàbá tó ni ilẹ̀ àbàtà yẹn máa ń jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ létí oko, tí yóò sọ gíláàsì kalẹ̀ kí Tani lè gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó bi mí lọ́jọ́ yẹn pé, “Mélòó?”

Mo ní, “Ẹyọ kan, sà. Ajá rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó ní abo ńkọ́, ṣé wọ́n wà? Mo ní wọ́n wà, pé ibi tí koríko ga sí lẹ́yìn àbàtà ni wọ́n kóra jọ sí. Ìyẹn ni pápá CRP tirẹ̀, àsìkò rẹ̀ yóò sì pé ní oṣù Kẹsàn-án. Mo bi í bóyá yóò tún un ṣe. Ó fún ajá ní ẹran gbígbẹ kan, ó fún un ní ìkejì. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin fẹ́ kí àwọn ro ó, pé òun fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, pé àwọn méjèèjì máa jókòó sọ ọ́ lẹ́yìn ọdún tuntun bí wọ́n bá ti mọ iye tí àgbàdo ń lọ.